ORÍ KEJE: KÚKÌ ORÍ ÌKÀNNÌ, ÀTI ÀṢẸ TÍ ONÍLÉ NÍ LÓRÍ BÙRÁÚSÀ RẸ̀

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí a bá ka orí yìí tán, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

(a) ṣàlàyé ohun tí kúkì jẹ́ àti iṣẹ́ tí ìkànnì ń fi í ṣe;
(b) fi ìyàtọ̀ hàn láàrin kúkì onílé àti kúkì àjèjì;
(d) sọ ohun tí òfin Nàìjíríà wí nípa ìyọ̀ǹda;
(e) pa kúkì rẹ́, tàbí kí ó dí i lọ́nà, lórí fóònù tirẹ̀ àti lórí kọ̀ǹpútà tí òun àti ẹlòmíràn jọ ń lò.

7.1 Àrokò àti kúkì

Kí ìwé kíkọ tó wọ ilẹ̀ Èkìtì, bí ẹni tó wà ní Ìjerò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ fún ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n, ìlú olókè tí òkè yí ká bí ọgbà, ó lè so owó ẹyọ mélòó kan mọ́ okùn, kí ó fi í lé ọmọdé lọ́wọ́, kí ọmọ náà sì gbé e kọjá Aràmọ̀kọ lọ láìmọ ohun tí ó gbé. Ẹyọ méjì tí a so kọjú sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n ń sọ. Méjì tí a so kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọbìnrin, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ìró “fà” wà nínú ẹ̀fà. Bí ọmọbìnrin náà bá sì fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ó wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí pé “jọ” wà nínú ẹ̀jọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá dá ohunkóhun padà, kò sí àgbà tí yóò sọ pé ó ti gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn yìí pamọ́ sí ọkàn, nítorí a óò tún bá a pàdé ní 7.4.

Àrokò yìí gan-an ni ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jọ. Kúkì ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ìkànnì kan kọ, tí ó fi rán bùráúsà, tí bùráúsà sì tọ́jú sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni, tí yóò sì máa gbé e padà tọ ìkànnì náà lọ nígbàkúgbà tí ẹni náà bá tún yà síbẹ̀. Bùráúsà ni ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome, Firefox, Safari àti Opera Mini. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, ibi yòówù kí ó wà láyé. Bùráúsà ni ọmọdé tó gbé àrokò: kò mọ ìtumọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn mọ ẹni tó fún un àti ẹni tí yóò jẹ́ ẹ fún. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìbéèrè tí gbogbo orí yìí ń lépa ni pé, ọmọ ta ni bùráúsà: ṣé ọmọ ìkànnì tó ń rán an ni, tàbí ọmọ onílé, ẹni tó ni fóònù, tó ń bọ́ ọ?

7.2 Ìdí tí a fi dá kúkì sílẹ̀

Ìgbàgbé ni àrùn tí kúkì wá wò. Bí a ti ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ láàrin bùráúsà àti sáfà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, sáfà kì í rántí ẹnikẹ́ni; bí ènìyàn bá ṣí ojú ìwé kìíní, tí ó ṣí èkejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àlejò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sáfà rò pé ó wá. Ìṣòro ńlá ni èyí fún ẹni tó fẹ́ tajà lórí ayélujára, nítorí kí oníbàárà tó mú ọjà kejì, ìsọ̀ ti gbàgbé èkíní. Ní ọdún 1994, Lou Montulli, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, wá ojútùú sí i: kí sáfà kọ àmì kan fún bùráúsà, kí bùráúsà sì máa fi àmì náà hàn nígbà tó bá padà dé. Àmì náà kéré gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn bùráúsà kì í gba kúkì kan tó bá ju nǹkan bí lẹ́tà 4,096 lọ, èyí tí kò ju ojú ìwé mélòó kan lọ nínú ìwé àjákọ.

Gbogbo wa la mọ ìyá olóúnjẹ tó ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún àwo kan, títí oníbàárà yóò fi san gbèsè rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni kúkì ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú fò dá: ògiri ara rẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ ń fa ìlà sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ògiri oníbàárà ni ìkànnì ń kọ tirẹ̀ sí. Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló ni ògiri. Láti inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ẹ̀tọ́ tí a ó sọ nípa rẹ̀ níwájú ti ṣàn wá.

7.3 Oríṣi kúkì

Bí a bá wo ọjọ́ orí wọn, a rí kúkì ìjókòó, èyí tí bùráúsà ń dà nù nígbà tí a bá tì í pa, àti kúkì apẹ́, tí a ti kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ mọ́ ọn lára. Láti ọdún 2022 ni Chrome kò ti gbà kí ọjọ́ náà jìnnà ju 400 ọjọ́ lọ.

Bí a bá wo orísun wọn ni ọ̀rọ̀ wá jinlẹ̀. Kúkì onílé ni èyí tí ìkànnì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣí kọ fún wa; ìkànnì náà ni “onílé” inú orúkọ yìí, kì í ṣe òǹlò. Kúkì àjèjì ni èyí tí ìkànnì mìíràn, tí a kò pè, tí a kò sì rí orúkọ rẹ̀, kọ nítorí pé àwòrán tàbí ìpolówó rẹ̀ wà lójú ìwé tí a ṣí. Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì ti rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tí wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ orísun wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé ayélujára rí: ìwé kan la rí, orísun omi rẹ̀ lè ju ogún lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí kúkì àjèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní ọkùnrin kan wà tó san owó fún gbogbo ọlọ́jà láti Òkè-Ìmẹ̀sí títí dé Ìpótì, kí wọ́n fún un ní àpótí ìjókòó ní igun ìsọ̀ wọn. Obìnrin kan ná bàtà ọmọ ní Aràmọ̀kọ, ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ẹ̀fọ̀n, ó kọ ọ́. Ó wádìí owó ilé ìwé ní Ìjerò, ó kọ ìyẹn náà. Kò sí ọlọ́jà kankan tó mọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin orí àpótí mọ̀ pé obìnrin yìí lóyún tàbí ó ní ọmọ kékeré, pé ara ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ kò dá, pé owó ilé ìwé sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ ìpolówó tí àwòrán rẹ̀ wà lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì ni ọkùnrin náà. Ohun tó ń jẹ́ kí ó dá obìnrin náà mọ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni kúkì kan ṣoṣo, tí a kọ nọ́ńbà sí, tó wà nínú fóònù obìnrin náà fúnra rẹ̀, tí bùráúsà rẹ̀ sì ń fi tọkàntọkàn gbé kiri.

7.4 Àgò kíké àti òfin ìyọ̀ǹda

Àlejò kì í ṣàdédé bọ́ sí ìyẹ̀wù onílé ní ilẹ̀ Yorùbá. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé, “Àgò onílé o!”, kò sì ní gbé ẹsẹ̀ títí ohùn yóò fi ti inú ilé jáde pé, “Àgò yà o.” Bó ṣe rí nílé tálákà nìyẹn, bó sì ṣe rí nìyẹn láàrin àwọn òpó tí àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n fi ọwọ́ ọgbọ́n gbẹ́ sí ààfin Aláayè. Pátákó kékeré tó ń yọ lójú ìkànnì láti béèrè bóyá a gba kúkì, àgò ni. Ìyọ̀ǹda ni ìdáhùn tí onílé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn tí ó ti mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ohun tó ń bọ̀ wá ṣe.

Nàìjíríà kò ti òní bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí. Abala 37 nínú Òfin Ìpilẹ̀ ọdún 1999 ti dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀ àti ìwé tí ó ń kọ síra pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019 ni NITDA, àjọ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìwífún ní Nàìjíríà, gbé ìlànà ìdáàbòbò dátà tí a ń pè ní NDPR jáde. Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé ìlànà náà ní ọdún 2020 wí pé lílo kúkì gba ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí ìkànnì bá ti ṣàlàyé kedere fún òǹlò, tí òǹlò sì ń bá lílo ìkànnì náà lọ, èyí nì ti tó. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 2023, òfin tó gbé Àjọ Ìdáàbòbò Dátà, NDPC, ró. Abala 26 rẹ̀ sọ ohun tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: dídákẹ́ tàbí àìṣe nǹkan kan kì í ṣe ìyọ̀ǹda, àpótí tí a ti fi àmì sí sílẹ̀ de òǹlò kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ẹni tó bá sì ti yọ̀ǹda lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú. Ẹrù àtifi ẹ̀rí ìyọ̀ǹda hàn, orí ilé iṣẹ́ ló wà, kò sí lórí òǹlò. Ọmọbìnrin tí kò dá ẹyọ padà kò tíì gbà. Òfin ọdún 2023 ti wá bá àwọn baba wa níbi tí wọ́n jókòó sí.

Apá kan òfin náà kan ẹni tó ń ka ìwé yìí gan-an. Abala 31 wí pé bí ẹni tí ìwífún jẹ́ tirẹ̀ bá jẹ́ ọmọdé, èyí tí òfin wa kà sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọwọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni a ti ń gba ìyọ̀ǹda. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 16 tó tẹ bọ́tìnì nítorí kí ó lè tètè rí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ṣe ti dáhùn àgò tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó dáhùn.

Ìyà sì wà fún arúfin. Fún ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, owó ìtanràn lè tó ₦10,000,000 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ní oṣù Ògún ọdún 2024, NDPC bu owó ìtanràn ₦555.8 mílíọ̀nù lé báǹkì Fidelity. Àjọ náà wí pé báǹkì náà lo ìwífún àwọn ènìyàn láìgba ìyọ̀ǹda tó yè kooro, ó sì dárúkọ kúkì mọ́ ohun èlò tí a fi ṣe é. Báǹkì náà sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dájọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Planet49 ti ilẹ̀ Jámánì, pé àpótí tí a ti fi àmì sí tẹ́lẹ̀ kò lè dúró fún ìyọ̀ǹda. CNIL, àjọ ìdáàbòbò dátà ti ilẹ̀ Faransé, sì kéde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022 pé Google yóò san mílíọ̀nù 150 owó yúrò, Facebook yóò san mílíọ̀nù 60, nítorí pé títẹ bọ́tìnì kan tó láti gba kúkì, ṣùgbọ́n kíkọ̀ ọ́ gba títẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣí ìkànnì mẹ́wàá lónìí yóò rí i pé àgò púpọ̀ nínú wọn kò dọ́gba. Bọ́tìnì “Accept All” a tóbi, a sì tàn yanran. Ọ̀nà àtikọ̀ a fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tíńtín kan. Àwọn mìíràn ti kọ kúkì sínú fóònù kí pátákó tó yọ rárá: àlejò tó ti jókòó sórí ẹní kí ó tó ké àgò nìyẹn.

7.5 Àṣẹ onílé

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé inú ilé wa ni kúkì ń gbé, a kò ní láti dúró de oore ọ̀fẹ́ ìkànnì kí a tó lè lé e jáde. Lórí fóònù Android tó ń lo Chrome, a ó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, a ó yan “Delete browsing data” àti àkókò “All time”, a ó fi àmì sí “Cookies and site data”, gbogbo rẹ̀ yóò sì pa rẹ́. Bí ó bá jẹ́ kúkì àjèjì nìkan la fẹ́ dí lọ́nà, a ó wọ “Settings”, a ó lọ sí “Site settings”, a ó sì wá “Third-party cookies”. Ẹni tó ń lo Safari kò ní wàhálà yìí, nítorí láti ọdún 2020 ni ó ti ń dí gbogbo kúkì àjèjì lọ́nà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Firefox náà ti ń dí àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ ènìyàn láti ọdún 2019.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí eku fi iná sí ilé. Bí a bá dí gbogbo kúkì, ti onílé àti ti àjèjì, ìkànnì báǹkì àti ti ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò kò ní lè rántí pé a ti wọlé, yóò máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù láìdákẹ́, tàbí kí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣí. Kúkì tó pọn dandan ni èyí tí iṣẹ́ tí a fúnra wa béèrè kò lè ṣe láìsí i. Irú èyí ni a ń fi sílẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwa ni ewu ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wọ káfé ní Ìjerò láti wo èsì ìdánwò rẹ̀. Ó san owó ìṣẹ́jú 30, ó ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀ lórí ayélujára, ó wo èsì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe tán o, ẹ ṣeun,” ó ti ojú fèrèsé orí kọ̀ǹpútà náà pa, ó sì lọ. Ọmọkùnrin tó jókòó sórí àga náà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí ìkànnì lẹ́tà kan náà, àpótí lẹ́tà ọmọbìnrin náà sì là gbayawu síwájú rẹ̀, láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan. Kò sí ẹni tó jalè. Kúkì apẹ́ tí ìkànnì kọ fún ọmọbìnrin náà ṣì wà níbẹ̀, bùráúsà sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an: ó gbé àrokò padà, kò wo ojú ẹni tó jókòó.

Ohun méjì ni ìbá gba ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ní ìtẹ̀léra. Èkíní, kí ó tẹ “Sign out”, nítorí ìyẹn ni yóò sọ fún sáfà pé àmì náà ti di òkú. Ẹnikẹ́ni tó bá tilẹ̀ ti da àmì náà kọ kò ní rí i lò mọ́. Èkejì, kí ó pa kúkì rẹ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Bí ó bá pa á rẹ́ láì kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà tirẹ̀ nìkan ló sọnù, sáfà ṣì lè gba àmì náà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Ó sì tún lè lo fèrèsé àdáni, èyí tí Chrome ń pè ní “Incognito”, tí í da gbogbo kúkì nù nígbà tí a bá tì í pa. Fèrèsé àdáni kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí: ìkànnì tí a ṣí ṣì ń rí wa, ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa ṣì mọ ibi tí a lọ.

7.6 Ìdáhùn kan fún gbogbo àgò

Ó ń rẹ onílé tí a ń ké àgò sí nígbà 100 lójúmọ́, ẹni tó rẹ̀ a sì máa dáhùn “àgò yà” láìwo ojú ẹni tó ń bọ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ pé inú bùráúsà ni ó yẹ kí onílé ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí bùráúsà máa bá a sọ ọ́ fún gbogbo ìkànnì. Ní ọdún 2009 ni a dá àmì Do Not Track sílẹ̀ fún èyí. Àwọn bùráúsà sọ ọ́ nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó fi dandan mú ìkànnì láti gbọ́, wọ́n kò sì gbọ́. Ní ọdún 2020 ni arọ́pò rẹ̀, Global Privacy Control, jáde, èyí sì rí òfin fi ẹ̀yìn tì ní ìpínlẹ̀ California: òfin kan tí gómìnà ibẹ̀ buwọ́ lù ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2027, gbogbo bùráúsà gbọ́dọ̀ fún òǹlò ní ọ̀nà àtifi irú àmì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́.

Ti Google kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020 ó ṣèlérí pé òun yóò lé kúkì àjèjì kúrò nínú Chrome láàrin ọdún méjì. Ó sún un síwájú lọ́pọ̀ ìgbà, ó yí ohùn padà ní ọdún 2024, ó sì sọ ní oṣù Igbe ọdún 2025 pé bí nǹkan ti wà ni yóò ṣe máa wà. Ilé iṣẹ́ tó ni Chrome ló ń ta ìpolówó. Nígbà tí ẹni tó bí ìránṣẹ́ bá jẹ́ ẹni tó ní àpótí ní igun ìsọ̀, ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ni ìdáàbòbò kù sí, bí a ti kọ ọ́ ní 7.5.

Kókó ẹ̀kọ́

Ìkànnì ló ń kọ kúkì, ṣùgbọ́n ilé òǹlò ni kúkì ń gbé. Kúkì onílé ń ràn wá lọ́wọ́. Kúkì àjèjì ń tọ ipasẹ̀ wa láti ìkànnì dé ìkànnì. Lábẹ́ òfin ọdún 2023, ìdákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, òbí ló sì ń yọ̀ǹda fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Lórí kọ̀ǹpútà káfé, a ń kọ́kọ́ jáde, kí a tó pa kúkì rẹ́.

Ìdánrawò

1. Fún àwọn wọ̀nyí ní oríkì: kúkì, bùráúsà, kúkì àjèjì, ìyọ̀ǹda.

2. Ọ̀nà wo ni kúkì fi jọ ìlà èédú ara ògiri ìyá olóúnjẹ, ọ̀nà wo ni kò sì fi jọ ọ́?

3. Fi ohun tí ìwé àlàyé NDPR ti ọdún 2020 wí nípa ìyọ̀ǹda wé ohun tí abala 26 òfin ọdún 2023 wí.

4. Ìkànnì kan kọ ọ́ pé, “Bí o bá ń ka ìwé yìí lọ, o ti gbà kí a lo kúkì.” Ṣé òfin gbà á? Fi ẹ̀rí gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.

5. Ọmọ ọdún 15 kan ní Ìkọ̀rọ̀ tẹ “Accept All” lórí ìkànnì eré kan. Ta ni ó yẹ kí ìkànnì náà ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

6. Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tẹ “Sign out” kí a tó pa kúkì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà káfé?

7. Iṣẹ́ àṣetiléwá: Bẹ òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n yá ọ ní fóònù wọn. Rí i dájú pé wọ́n mọ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo ìkànnì tí wọ́n ń lò, kí o sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí o tó pa gbogbo kúkì inú bùráúsà náà rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kọ orúkọ àwọn ìkànnì tó ti gbàgbé wọn, àti iye pátákó àgò tí ó tún yọ sí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.